Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá wà nínú ìwádìí jínóòmù: kí ni èrè tiwa?

Ní Ṣàngó n'Ílọrin níbí tí mò ń gbé, bí ọ̀dọ́ méjì bá ti fẹ́ra wọn, wọ́n á bi wọ́n pé: "Kí ni genotype yín?" Ọ̀rọ̀ jíìnì nìyẹn, àkọsílẹ̀ inú ara tí a jogún lọ́wọ́ bàbá àti ìyá. Gbogbo àkọsílẹ̀ ọ̀hún látòkèdélẹ̀ ni wọ́n ń pè ní jínóòmù.

Ó ti pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ wa ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ọdún 2002 ni ìwádìí àgbáyé kan, HapMap, bẹ̀rẹ̀. Yorùbá 90 láti Ìbàdàn wà nínú ẹ̀, bàbá, ìyá àti ọmọ láti ìdílé 30. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tó darí apá tiwa.

Èrè dà? Ẹ jẹ́ ká wo kíndìnrín. Ní 2010, wọ́n rí oríṣi jíìnì APOL1 méjì tó ń fa àìsàn kíndìnrín láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ó pọ̀ gan-an lára Yorùbá, kò sí lára òyìnbó. Ohun tó mú un wá ni pé ó ń pa kòkòrò àìsàn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Àbí ẹ ò rí i pé ó jọ ti AS àti ibà?

Wọ́n ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé àfi kéèyàn jogún ẹ̀ lọ́dọ̀ òbí méjèèjì kó tó léwu. Àmọ́ ní 2024, ìwádìí lára èèyàn tó lé ní 8,000 ní Nàìjíríà àti Gánà fi hàn pé ẹyọ kan náà ń dá kún ewu. Bíi mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló sì ní méjèèjì. Ká ní àbájáde Amẹ́ríkà nìkan la gbára lé ni, a ò bá má mọ̀. (Ẹ má bẹ̀rù o, ọ̀pọ̀ tó ní méjèèjì kì í ṣàìsàn.)

Wọ́n ti ń dán oògùn APOL1 kan, inaxaplin, wò. Owó ló ń kọ mí lóminú. Casgevy, ìtọ́jú jíìnì fún fọ̀níkú-fọ̀lá-dìde, gba àṣẹ ní Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà ní 2023, $2.2 mílíọ̀nù ni fún aláìsàn kan l'Ámẹ́ríkà. Ta ló fẹ́ san án ní Ṣàngó?

Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹni tí àìsàn kíndìnrín bá wà nídìílé ẹ̀, kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ẹ̀ wò. Purotéènì máa ń hàn nínú ìtọ̀ kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú.