Ààtàn Kì Í Kọ Ilẹ̀kílẹ̀

Àgbà la sábà máa ń pa òwe yìí fún, pé kó gba tibi tire mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ kan wò nínú rẹ̀: ilẹ̀. Ilẹ̀ là ń tẹ̀, ilẹ̀ là ń gbá, ohun tí a gbá jọ náà, ilẹ̀ la tún ń pè é tí a bá ń lọ dà á nù. N kò rò pé ọ̀rọ̀ ló tán lẹ́nu àwọn baba wa. Eérú, èèpo iṣu, háhá àgbàdo, ewé ẹ̀kọ: ohun tí àwọn ìyá wa ń dà sẹ́yìnkùlé nìyẹn. Òjò a pa á, oòrùn a pa á, a sì di ilẹ̀ padà. Tètè àti gbọ̀rọ̀ tó bá hù níbẹ̀ a máa tutù yọ̀yọ̀. Ààtàn ò kọ̀ ọ́, nítorí ó mọ ohun tí yóò fi í ṣe.

Èyí tí à ń kó lọ sí ààtàn Olúsósùn ní Ọ̀jọ́ta, l'Ékòó, ńkọ́? Láti 1992 ni Èkó ti ń da ìdọ̀tí síbẹ̀. Etí ìlú ni nígbà náà, ilé ti yí i ká báyìí. Ọ̀rá píọ̀-wọ́tà, ike àti páḿpásì bo èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tó bá sì ń jẹrà láìrí afẹ́fẹ́ a máa mú gáàsì tó ń gbiná jáde, a máa sun omi dúdú tó ń wọlẹ̀ lọ bá kànga. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, iná sọ níbẹ̀, èéfín gba àdúgbò, ìjọba sì ti ibẹ̀ pa fúngbà díẹ̀.

Ní oṣù kìíní 2024, ìjọba Èkó fòfin de abọ́ fóòmù tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú ìdọ̀tí Èkó ṣì jẹ́ ohun tó ń jẹrà, ilẹ̀ ayé àtijọ́ gan-an. A lè sọ ọ́ di ilẹ̀ padà; Ìbàdàn ti gbìyànjú rẹ̀ wò: ní ìparí àwọn ọdún 1990, ilé iṣẹ́ kan wà lọ́jà Bódìjà tó ń sọ ìdọ̀tí ọjà di ajílẹ̀. Ajílẹ̀! Ẹ tún gbọ́ ilẹ̀ níbẹ̀.

Korobá méjì ló wà lẹ́yìn ilé ìdáná mi: èèpo nínú ọ̀kan, ọ̀rá àti ike nínú èkejì. Ìyàwó ilé kejì, tó ń gbin ewédú, ló máa ń wá bu ti èèpo. Lọ́sẹ̀ tí kò bá ráyè wá, ọkọ̀ bọ̀lá a dé, wọn a sì da méjèèjì pa pọ̀ lójú mi.