Obìnrin àti Èdè Ìwé ní Àsìkò Ìsọjí Ẹ̀kọ́ ní Ilẹ̀ Ítálì

Bí a bá dárúkọ Àsìkò Ìsọjí Ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù, orúkọ Petrarch, Leonardo, Michelangelo àti Erasmus ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kàn. Ọkùnrin ni gbogbo wọn. Ní ọdún 1977, òpìtàn ará Amẹ́ríkà kan, Joan Kelly, béèrè bóyá àwọn obìnrin tilẹ̀ ní ìsọjí kankan ní àsìkò náà. Ìdáhùn tirẹ̀ ni pé wọn kò ní in, ó kéré tán, kì í ṣe nígbà tí àwọn ọkùnrin ń ní tiwọn. A kò pinnu láti tú gbogbo àríyànjiyàn náà palẹ̀ níhìn-ín. Apá kan nínú rẹ̀ tí ó kan àwa olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, èyí ni ọ̀ràn èdè tí àwọn obìnrin náà fi kọ̀wé. Èrò wa ni pé ilẹ̀kùn tí èdè Látìn ṣí fún wọn kò ju fèrèsé lọ, àti pé inú èdè abínibí wọn ni wọ́n ti rí ọ̀nà gbà jáde.

Látìn ni èdè yunifásítì, ti ìjọ àti ti ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìjọba nígbà náà. Ní nǹkan bí ọdún 1424, Leonardo Bruni, ọ̀mọ̀wé pàtàkì, kọ lẹ́tà sí Battista Malatesta, obìnrin ọlọ́lá kan, lórí ohun tí ó yẹ kí obìnrin kà. Ó ní kí ó ka ìtàn, kí ó ka ewì, kí ó sì ka ìwé àwọn baba ìjọ, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ní gbangba kò yẹ obìnrin. Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa. Ìdí pàtàkì tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọkùnrin ní Látìn ni kí ó lè dìde sọ̀rọ̀ láàrin ìgbìmọ̀. Ẹni tí ó bá kọ́ ọmọbìnrin ní èdè yìí kan náà, tí ó sì ní kí ó pa ẹnu mọ́, fún un ní ọkọ́ ni, ó sì gba oko lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Isotta Nogarola fi èyí hàn kedere. Ìlú Verona ni a bí i sí ní ọdún 1418. Ìyá rẹ̀ tí ó jẹ́ opó, Bianca Borromeo, ni ó gba olùkọ́ fún òun àti Ginevra ọmọ ìyá rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Guarino, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú ìmọ̀ Látìn, ni olùkọ́ náà. Nígbà tí Isotta gbọ́ pé Guarino yin iṣẹ́ àwọn, ó kọ lẹ́tà sí i. Guarino kò fèsì. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká ìlú, àwọn ènìyàn sì ń fi Isotta ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tún kọ èkejì, ó ráhùn pé baba náà dójú ti òun. Ìgbà yìí ni Guarino tó dá a lóhùn, ó sì gbà á níyànjú pé kí ó ní ọkàn bí ọkùnrin! Kò pẹ́ sí i tí ẹnìkan tí kò dárúkọ ara rẹ̀ fi ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ tí kò ṣeé gbọ́ sétí kàn án. Ó ní obìnrin tí ó bá mọ̀rọ̀ọ́ sọ kò lè jẹ́ oníwà mímọ́.

Ní ọdún 1441, Isotta padà sí Verona, ó jókòó sí ilé ìyá rẹ̀, kò lọ́kọ, kò sì wọ ilé àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn. Ìwé mímọ́ ni ó ń kà. Láti inú ilé yìí ni òun àti Ludovico Foscarini ti jiyàn ní ọdún 1451 lórí ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, Ádámù ni tàbí Éfà. Isotta gbèjà Éfà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fi gbè é ni pé ẹlẹ́gẹ́ ni Ọlọ́run dá a, àti pé ẹni tí a fún ní agbára jù ni ẹ̀bi yẹ kí ó kàn jù. A rí ọgbọ́n agbẹjọ́rò nínú èyí, a sì rí ohun tí ọgbọ́n náà ná an.

Cassandra Fedele ti Venice ní tirẹ̀ sọ̀rọ̀ ní gbangba. Ní ọdún 1487, nígbà tí ìbátan rẹ̀ kan gboyè ní Yunifásítì Padua, òun ni ó fi Látìn sọ̀rọ̀ ìyìn níbẹ̀. Òkìkí rẹ̀ kàn títí dé ọ̀dọ̀ ọbabìnrin Spéènì. Lẹ́yìn tí ó lọ sí ilé ọkọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ọkọ kú ní ọdún 1520, ìṣẹ́ sì dé. Ní ọdún 1556, nígbà tí ó ti tó nǹkan bí ẹni 90 ọdún, ìjọba Venice tún pè é kí ó wá fi Látìn kí Bona Sforza, ọbabìnrin Póláńdì, káàbọ̀. Ọdún 69 ni ó wà láàrin ọ̀rọ̀ méjèèjì. Bí ohun ọ̀ṣọ́ ni wọ́n ṣe lò ó: wọ́n gbé e jáde lọ́jọ́ àlejò, wọ́n sì dá a padà sínú àpótí.

Ẹ wá wo àwọn tí ó fi èdè ilé kọ̀wé. Christine de Pizan, ọmọ ará Ítálì tí ó dàgbà sí Faransé, di opó ní nǹkan bí ẹni ọdún 25. Ó ní ọmọ mẹ́ta àti ìyá láti bọ́, ọ̀ràn gbèsè sì gbé e dé ilé-ẹjọ́. Èdè Faransé ni ó fi kọ̀wé jẹun. Ní ọdún 1405 ni ó parí ìwé rẹ̀ lórí ìlú àwọn obìnrin, níbi tí ó ti dá àwọn ọkùnrin tí ó ń kẹ́gàn obìnrin lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní Ítálì, èyí pẹ́ díẹ̀. Ní ọdún 1525, Pietro Bembo tẹ ìwé kan jáde tí ó fi hàn pé èdè Ítálì tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà nílẹ̀, àwọn òǹtẹ̀wé sì ń wá ohun tí ẹni tí kò gbọ́ Látìn yóò rà. Ọdún 1538 ni wọ́n tẹ ewì Vittoria Colonna jáde, wọn kò tilẹ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Gaspara Stampa, Veronica Franco àti àwọn mìíràn tẹ̀lé e. A kò sọ pé èdè nìkan ni ó fà á. Ìdílé ńlá ni Colonna ti wá, bẹ́ẹ̀ ni ayàwòrán bíi Lavinia Fontana ti Bologna, tí ó bí ọmọ 11, kò nílò èdè kankan kí ó tó gba owó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi Látìn kọ̀wé ní láti dúró de ìdáhùn Guarino. Ẹni tí ó fi èdè ìlú kọ ọ́ ti rí òǹkàwé lọ́jà.

Modesta Pozzo, tí ó ń fi orúkọ Moderata Fonte kọ̀wé, ni a ó fi kádìí ọ̀rọ̀. Ọdún 1555 ni a bí i ní Venice. Ọmọ òrukàn ni. Doglioni, tí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀, sọ pé bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin bá ti ilé-ìwé dé, Modesta a ní kí ó tún gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ sọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe kọ́ Látìn lẹ́nu ọ̀nà. Síbẹ̀, Ítálì ni ó fi kọ ìwé rẹ̀ lórí iyì obìnrin. Obìnrin méje jókòó nínú ọgbà kan ní Venice, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí ìgbéyàwó, owó orí, òfin, egbòogi àti ìràwọ̀; kò sí ọkùnrin kankan níbẹ̀. Ìwé náà kò pẹ́ parí tí ó fi kú lórí ìkúnlẹ̀ ní ọdún 1592. Ọdún 1600 ni a tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Cecilia, ni ó sì kọ ọ̀rọ̀ ìyàsọ́tọ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀.