Ìdásílẹ̀ àti Ìgbọ́bùkátà Ilé-Iṣẹ́ Ìwádìí NISER ní Ìbàdàn, 1950 sí 1977

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnu tí ó bá ti jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ǹjẹ́ ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí ìjọba ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ lè tọ́ka àṣìṣe ìjọba? Ìtàn NISER, tí ó ń ṣe ìwádìí nípa àwùjọ àti ọrọ̀ ajé Nàìjíríà, ni àpilẹ̀kọ yìí fi wá ìdáhùn.

Ní ọdún 1950 ni a dá a sílẹ̀ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, tí òun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1948. WAISER ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà, nítorí pé gbogbo ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni a dá a sílẹ̀ fún. Owó ìdàgbàsókè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yà sọ́tọ̀ fún àwọn ilẹ̀ tí ó ń ṣàkóso ni a fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èyí já sí pé amúnisìn ni ó ń sanwó ìwádìí nípa àwọn tí ó mú sìn.

Nígbà tí Gánà gba òmìnira ní 1957, tí Nàìjíríà sì gba tirẹ̀ ní 1960, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo fún gbogbo agbègbè náà kò bá ìgbà mu mọ́. Ní 1960 ni ó di NISER, ṣùgbọ́n abẹ́ yunifásítì ni ó ṣì wà.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà, NISER ṣe àpérò ní Ìbàdàn lórí àtúntò orílẹ̀-èdè lẹ́yìn ogun. Ìwé àpérò náà jáde ní 1971. A. A. Ayida, òṣìṣẹ́ àgbà ìjọba, àti H. M. A. Onitiri, olùdarí NISER, ni wọ́n jọ ṣe olóòtú rẹ̀. Orúkọ àwọn méjèèjì lára ìwé kan náà fi hàn bí ìjọba àti ìwádìí ti súnmọ́ ara wọn tó.

Ní 1977, ìjọba ológun fi òfin sọ NISER di àjọ tí ó dá dúró, tí ó ní ìgbìmọ̀ alákòóso tirẹ̀. Ìwádìí, ìmọ̀ràn fún ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀, àpérò àti ìtẹ̀wé ni iṣẹ́ tí òfin náà gbé lé e lọ́wọ́. Síbẹ̀, àpò ìjọba àpapọ̀ ni ó gbójú lé fún owó.

Ní àgbálọgbábọ̀, òmìnira lábẹ́ òfin yàtọ̀ sí òmìnira ní ti owó. Ẹni tí ó ń fúnni ní dòdò yí padà; òwe kò yí padà. Ohun tí ó lè dín agbára òwe náà kù ni kí a tẹ àbájáde ìwádìí síta, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe ní 1971, kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà, kí olùkọ́ tó fi àbájáde ìwádìí kan kọ́ni, ó yẹ kí ó béèrè nǹkan mẹ́ta: ta ni ó sanwó rẹ̀, ta ni ó yan ìbéèrè rẹ̀, ṣé gbogbo ènìyàn ni ó sì lè kà á?