Láti Ọwọ́ Wolé-wolé Dé Ọwọ́ Panápaná: Ìtàn Àyẹ̀wò Ilé àti Owó Ìwé-Ẹ̀rí Ààbò Iná ní Kùmásì

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tí ó ti rí iná ni òwe yìí ń bá wí. Ṣùgbọ́n iná tí ó ń run ìlú ńlá kì í sábà jẹ́ èyí tí ojú ti rí. Inú wáyà tí ó ti gbó ni ó ń sá pamọ́ sí, tàbí ẹ̀yìn ìṣọ̀ tí ẹnì kan ti ń se oúnjẹ láàárín aṣọ títà. Nítorí èyí ni ìlú ṣe ń yan ẹni tí yóò máa yẹ òrùlé wò kí iná tó dé ibẹ̀.

Orúkọ tí èdè fún àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí yẹ fún àkíyèsí. Ẹni tí ó ń wo ilé ni Yorùbá ń pè ní wolé-wolé. Ẹni tí ó ń pa iná ni panápaná. Àwọn Àṣáńtì pẹ̀lú ń pe panápaná ní ogyadumfoɔ: ogya ni iná, dum sì ni kí a pa á. Iṣẹ́ tí ó kù lẹ́yìn tí iná bá ti sọ ni èdè méjèèjì fi sọ wọ́n lórúkọ. Kò sí èyí tí ó sọ pé panápaná lè kan ilẹ̀kùn nígbà tí èéfín kò rú, kí ó béèrè ìwé, kí ó sì gba owó. Ìtàn bí iṣẹ́ wolé-wolé ṣe bọ́ sí ọwọ́ panápaná ní Kùmásì, ìlú àwọn Àṣáńtì ní ilẹ̀ Gánà, ni àròkọ yìí dá lé. Ohun kan ni ìtàn náà fi hàn jù: owó ìlú ti fìdí múlẹ̀ ní Kùmásì tipẹ́tipẹ́ kí ààbò lọ́wọ́ iná tó ní òfin tirẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì tíì di ọ̀kan títí di òní.

Kùmásì Nígbà Òrùlé Koríko

Nígbà tí Thomas Edward Bowdich àti àwọn ikọ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ààfin Asantehene Osei Bonsu ní ọdún 1817, ìlú tí ó létò ni wọ́n bá. Òpópónà rẹ̀ fẹ̀, ó sì ní orúkọ. Ọnà amọ̀ kún ara ògiri ilé àwọn ìjòyè. Nínú ìwé tí Bowdich tẹ̀ jáde ní ọdún 1819, ó kọ ọ́ pé àràárọ̀ ni wọ́n ń sun pàǹtírí ilé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀yìn òpópónà. Bí a bá rántí pé koríko àti ewé ni òrùlé ìlú náà, a ó rí i pé àṣà yìí ju ti ìmọ́tótó lọ. Ó yan àkókò fún iná, ó sì yan ibi tí iná yóò wà. Kò sí ìwé-ẹ̀rí, kò sì sí owó, ṣùgbọ́n ìlànà wà.

Iná tí ó ba Kùmásì jẹ́ kò ti ẹ̀yìn òpópónà wá. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejì, ọdún 1874, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ Sir Garnet Wolseley wọ ìlú náà. Ní ọjọ́ 6, kí wọ́n tó padà sí etíkun, wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ ààfin olókùúta, wọ́n sì ti iná bọ ìlú. Díẹ̀ ni ó kù nínú ilé àtijọ́ ilẹ̀ Àṣáńtì nígbà tí àjọ UNESCO fi orúkọ wọn sínú àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 1980, òrùlé páànù sì ti rọ́pò koríko. Ìjọba tí yóò padà wá fi òfin kọ́ ará Kùmásì bí a ti ń ṣọ́ ilé ni ó kọ́kọ́ sun ilé wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn baba ńlá ìlú náà fi ń wo òṣìṣẹ́ ìjọba tìfuratìfura kò gbọdọ̀ fo ojú ewé yìí.

Wolé-wolé Wọ Ìlú

Ní ọdún 1896, Gẹ̀ẹ́sì mú Asantehene Agyeman Prempeh Kìíní lọ sí ìgbèkùn. Ogun Yaa Asantewaa jà ní ọdún 1900. Ní ọdún 1903, ọ̀nà ojú irin láti Sekondi dé Kùmásì, èrò sì ń ya wọ ìlú. Ilé ń fara kan ilé, yàrá ń pọ̀ nínú àgbàlá kan ṣoṣo.

Eku ni ó mú àyẹ̀wò ilé dé, kì í ṣe iná. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Kùmásì. Dókítà Percy Selwyn-Clarke wà lára àwọn tí ó darí ìgbógunti rẹ̀. Wọ́n yẹ ilé wò, wọ́n sì wó èyí tí wọ́n kà sí ibùba eku. Ní ọdún kan náà ni Prempeh ti ìgbèkùn dé. Ní ọdún 1925, ìjọba dá Ìgbìmọ̀ Ìlera Ìlú Kùmásì sílẹ̀, ó sì fi ètò ilé kíkọ́, ìmọ́tótó àti ọjà sí abẹ́ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí ni ó di ìgbìmọ̀ ìlú ní ọdún 1943.

Ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ọdún 1924 yẹn gan-an ni irú àrùn kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í jà ní Èkó, tí wolé-wolé sì di ẹni tí à ń rí lókèèrè tí à ń fi ìkòkò omi pamọ́ fún. Ní Gánà, tankas ni wọ́n ń pe irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ tí wọ́n yọ láti inú ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìgbìmọ̀ ìlú. Orúkọ méjèèjì jọ ní ìtumọ̀ kan lọ́kàn ará ìlú: ẹni tí ó bá wọlé wá wò yóò rí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ yóò sì di owó. Bí àyẹ̀wò àti owó ìtanràn ṣe di ìbejì nìyẹn.

Ọjà àti Owó Ìṣọ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1925 kan náà ni ọjà àárín gbùngbùn Kùmásì fìdí kalẹ̀ lẹ́bàá ojú irin ní Kejetia. Ó di ọ̀kan lára ọjà tí ó tóbi jù lọ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Owó ìṣọ̀ tí ọlọ́jà ń san di ọwọ̀n pàtàkì nínú àpò ìlú. Ọ̀pọ̀ Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Èjìgbò, Ọ̀fà àti Ìlọrin wà lára àwọn tí ń san án, títí di ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti fi ilẹ̀ Gánà sílẹ̀. Ìṣọ̀ wọn bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, owó ìṣọ̀ sì ń bá a lọ.

Kókó kan wà níhìn-ín tí yóò ṣe pàtàkì níwájú. Owó ìṣọ̀ jẹ́ owó àyè. Ó fún ẹni tí ó san án ní ẹ̀tọ́ láti jókòó tà. Kò sọ ohunkóhun nípa bí yóò ṣe jáde bí iná bá sọ.

Òfin Mú Panápaná Di Wolé-wolé

Ní ọdún 1963, Gánà ṣe òfin tí ó dá iléeṣẹ́ panápaná ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀ (Act 219). Ọdún náà ni Nàìjíríà pẹ̀lú fi òfin gbé iléeṣẹ́ panápaná ti ìjọba àpapọ̀ kalẹ̀. Ní ọdún 1997, òfin tuntun (Act 537) rọ́pò ti àkọ́kọ́ ní Gánà, ó sì fi ìdènà iná ṣáájú nínú iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà. Ìlànà kíkọ́lé ti ọdún 1996 (L.I. 1630) ti sọ bí ilé tuntun yóò ṣe rí. Ilé tí ènìyàn ti ń lò ni ó kù.

Ọdún 2003 ni èyí náà bọ́ sábẹ́ òfin, nípasẹ̀ Ìlànà nípa Ìdènà Iná nínú Ilé (L.I. 1724). Ó ní ilé tí ènìyàn ń sùn sí gẹ́gẹ́ bí àlejò, ilé ìwòsàn, ilé ìgbafẹ́, ilé-ẹ̀kọ́, ibi iṣẹ́ àti ibikíbi tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀, yálà wọ́n san owó tàbí wọn kò san, gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí ààbò lọ́wọ́ iná. Oṣù 12 ni ìwé náà ń lò kí a tó tún un gbà. Kí ó tó tẹni lọ́wọ́, panápaná yóò wo ọ̀nà àbájáde, ohun èlò ìpaná, àti bóyá àwọn tí ń lo ilé náà mọ ohun tí wọn yóò ṣe bí iná bá sọ. Báyìí ni panápaná di wolé-wolé.

Irú ìwé-ẹ̀rí yìí ní ìtàn lókè òkun. Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ọdún 1969, iná pa ènìyàn 11 nínú ilé ìtura kan ní Saffron Walden ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin ọdún 1971 fi ìwé-ẹ̀rí dandan lé irú ilé bẹ́ẹ̀ lórí. Ní ọdún 2006, kò pẹ́ lẹ́yìn tí Gánà gbé tirẹ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa ìwé náà tì, ó sì di ẹrù náà lé orí ẹni tí ilé wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2017, ilé gíga Grenfell ní Lọ́ńdọ̀nù jóná, ènìyàn 72 sì kú. Ìwé nìkan kì í gbani. Àìsí ìwé kò sì gba ẹnikẹ́ni rí. Ohun tí ó ń gbani ni kí ẹnì kan wò ó ní tòótọ́, kí ẹni tí ó ni ilé sì ṣe ohun tí a sọ fún un.

Owó Mẹ́rin, Àpò Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹni tí ó ń ṣòwò nínú ilé ní Kùmásì ń bá oríṣi owó mẹ́rin pàdé. Àkọ́kọ́ ni owó ìwé àṣẹ ìkọ́lé, tí ìgbìmọ̀ ìlú ń gbà. Èkejì ni owó ìwé àṣẹ òwò, tí ìgbìmọ̀ kan náà ń gbà. Ẹ̀kẹta ni owó ìṣọ̀. Ẹ̀kẹrin ni owó ìwé-ẹ̀rí ààbò iná, tí ó jẹ́ ti iléeṣẹ́ panápaná, èyí tí í ṣe ti ìjọba àpapọ̀. Òfin ìbílẹ̀, láti ti ọdún 1993 (Act 462) dé ti ọdún 2016 (Act 936), ni ó fún ìgbìmọ̀ ìlú ní agbára lórí owó tirẹ̀. Ní ti owó panápaná, òfin nípa owó iṣẹ́ ìjọba ni ó ń tọ́ ọ, irú èyí tí ilé aṣòfin ṣe ní ọdún 2018 (Act 983) àti ọdún 2022 (Act 1080). Òṣìṣẹ́ kan kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ dá iye. Yàtọ̀ sí èyí, òfin adójútòfò ti ọdún 2006 (Act 724) ti sọ ọ́ di dandan kí ilé òwò ní adójútòfò lọ́wọ́ iná.

Lójú òfin, owó wọ̀nyí yàtọ̀ síra. Lójú ọlọ́jà, wọn kò yàtọ̀. Gbogbo wọn ni ó ń ti ọwọ́ ẹni tí ó wọ aṣọ ìjọba wá, tí ó sì ń já ìwé. Àṣà àtijọ́, tí ó so àyẹ̀wò pọ̀ mọ́ ìtanràn, ṣì ń ṣiṣẹ́. Panápaná tí ó wá wò bóyá ènìyàn yóò lè sá jáde ń jogún ojú tí wọ́n fi ń wo tankas.

Ta Ni Yóò Yẹ Ọjà Wò?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù láti tọ́ ni ó ti korò jù. Onílé ìtura ní ilé kan, ilẹ̀kùn kan àti orúkọ kan. Ó rọrùn láti bi í léèrè ìwé. Ọjà kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi iṣẹ́ ni, ibi tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ sì ni, nítorí náà ọ̀rọ̀ òfin ọdún 2003 kàn án. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ìṣọ̀ kò ni òrùlé, kò ni ọ̀nà àárín ìṣọ̀, kò sì ni wáyà tí iná mànàmáná ń gbà wọlé. Ìjọba ìbílẹ̀ tí ń gba owó ìṣọ̀ ni ó ni wọ́n. Bí panápaná bá máa béèrè ìwé, apá kan ìjọba ni yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ apá kejì.

Ọjà àtijọ́ Kùmásì jóná ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ọdún 2013, tí iná ń jó ọjà káàkiri Gánà tí ẹnu sì ń kùn pé àwọn aṣebi ni ó ń dá a, ìjọba pe àwọn oníwàádìí láti Amẹ́ríkà. Iná mànàmáná tí a gbé ẹrù jù lé lórí ni wọ́n tọ́ka sí, kì í ṣe ọwọ́ aṣebi. Èyí ni irú ohun tí àyẹ̀wò ọdọọdún ń wá. Ọjà tuntun Kejetia, tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015 tí àwọn ọlọ́jà sì wọ̀ ní ọdún 2019, yẹ kí ó jẹ́ ìdáhùn: ògiri líle, ọ̀nà gbígbòòrò, àyè fún panápaná nínú ètò ilé náà. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta, ọdún 2023, iná jó ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, iná tún jó ọjà Blue Light ní Adum, kò jìnnà sí Kejetia. Yorùbá ní iná èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì. Ti Kùmásì kì í ṣe iná èsìsì.

Ilé tuntun kò tó. Ilé Cocoa House ní Ìbàdàn, alájà 26, tí ó jẹ́ ògo Yorùbá láti ọdún 1965, jóná ní oṣù kìíní ọdún 1985. Bí ilé ṣe rí ní ọjọ́ tí a ṣí i kọ́ ni ó ń dáàbò bò ó, bí kò ṣe bí a ti ń lò ó lójoojúmọ́ lẹ́yìn náà. Ìdí tí ìwé-ẹ̀rí Gánà fi ń kú lẹ́yìn oṣù 12 nìyẹn. Ọgbọ́n tí ó dára jù nínú òfin náà sì ni.

Ìkádìí

Nínú ìtàn yìí, eku mú àyẹ̀wò dé, ọjà mú owó dé, òfin ọdún 2003 sì gbìyànjú láti so méjèèjì mọ́ iná. Ìsopọ̀ náà kò tíì yi. Kò lè yi nígbà tí ọlọ́jà bá ń san owó àyè lójoojúmọ́ tí kò sì sí ìwé tí ó lè wò lára ògiri ọjà láti mọ ìgbà tí a yẹ òrùlé orí rẹ̀ wò kẹ́yìn. Ohun tí ó tọ́ sí i kò pọ̀: kí ìjọba tí ó ni ọjà gba ìwé-ẹ̀rí gẹ́gẹ́ bí onílé ìtura ti ń gbà á, kí ó sì gbé e kọ́ sí ibi tí ẹni tí ń san owó ìṣọ̀ yóò ti rí i.

Ó ṣeé ṣe kí èdè pẹ̀lú yí padà nígbà náà. Ọ̀rọ̀ panápaná àti ogyadumfoɔ yóò wá gba ìtumọ̀ kejì, ti ẹni tí ó wá kí iná tó dé. Títí di ìgbà náà, ọlọ́jà Kùmásì ń ti ìṣọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó ń lọ sílé, ó sì ń sùn. Kì í ṣe òun ni ó fi iná sórí òrùlé.