Haruna Ishola àti Ìlù Ọ̀mọ̀ràn

Bí òwe bí òwe là á lu agídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Àwọn kan máa ń fi ògìdìgbó, ìlù ààfin Ọ̀yọ́, sí ibẹ̀. N kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n agídìgbo ni mo gbọ́ lẹ́nu àwọn tó tọ́ mi. Àpótí onígi ni, tí wọ́n kan irin pẹlẹbẹ mọ́ lójú, ìka ni wọ́n sì fi ń ta á. Ohùn rẹ̀ kì í pariwo. Ìsàlẹ̀ orin ló ń gbà rìn, á lọ, á tún padà síbi tó ti kúrò. Ẹ sì kíyè sí òwe náà dáadáa: kò ní kí òmùgọ̀ máa jó kí ọlọ́gbọ́n máa wò ó. Ijó gan-an, ọgbọ́n ni wọ́n fi ń jó o.

N kò mọ akọrin tí òwe yìí bá mu bí Àlàájì Haruna Ishola, ọba àpàlà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tí wọ́n bí ní 1919. Ní 1948, ó kọrin sínú àwo fún HMV, ó fi ki Ọrímọlúṣì, ọba ìlú rẹ̀. Àwo náà kò tà. Nígbà tí ọba wàjà ní 1955, ó tún orin náà ṣe, àwọn èèyàn wá ń du orin tí wọn kò kà sí tẹ́lẹ̀. Mo máa ń ronú sí ọdún méje yẹn. Kò fi ariwo kún un kó lè tà; ó dúró de etí tí yóò gbọ́ ọ.

Ìjókòó ló fi ń kọrin. Agídìgbo, gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ló yí i ká, kò sì gba gìtá láyè láéláé. Síbẹ̀, òun àti I. K. Dairo, ọ̀gá nínú jùjú, ni wọ́n jọ dá ilé-iṣẹ́ àwo STAR Records sílẹ̀ ní 1969: ó kọ gìtá, kò kọ onígìtá. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló gbé Oroki Social Club jáde fún ẹgbẹ́ àwọn ará Òṣogbo. Ó kú ní 1983.

Irú onísùúrù bẹ́ẹ̀ wà ní Íńdíà náà. Ọmọ ọdún 11 ni akọrin Bhimsen Joshi nígbà tó sá kúrò nílé lọ wá olùkọ́ orin. Ọ̀dọ̀ Sawai Gandharva ló padà dúró sí, tó ń sìn ín, tó sì ń kọ́ṣẹ́, kó tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ìdí ẹlẹ́gbè lọmọ ti ń kọ́ àpàlà: yóò gbe orin títí òwe ọ̀gá yóò fi wọ̀ ọ́ lára. Musiliu, ọmọ Haruna, gbé Sóyòyò jáde ní 2000, àwọn ọ̀dọ́ sì tún ń jó àpàlà. Inú mi dùn sí i. Mímọ̀ rẹ̀ ló kù.

Láìpẹ́ yìí mo wọ dánfó ní Kétu, à ń lọ sí Mile 12. Dírẹ́bà fi Oroki sí i. Kọ̀ńdọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mi orí. Ìyá aláta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, apẹ̀rẹ̀ òfìfo méjì lórí itan rẹ̀, ó ń fi ìka lu etí apẹ̀rẹ̀. Lójijì ni ìyá bú sẹ́rìn-ín. Kọ̀ńdọ́ náà dẹ́kun orí mímì.

"Ìyá, kí ni bàbá yẹn sọ?"

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ìwọ gba owó ẹ ná."

Kò gba owó. Ìyá bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti Ìkòsí, kò tíì parí ẹ̀ tí a fi dé Mile 12. Ọmọ náà gbé apẹ̀rẹ̀ méjèèjì sọ̀kalẹ̀ fún un, ó sì tẹ̀lé e díẹ̀ wọ ọjà, ó ṣì ń bi í léèrè, dírẹ́bà ń fọn fèrè pè é.