Ìdí tí Kọ̀ǹpútà Fi Ń Kùnà Láti Dá Hard Disk Alágbèéká Mọ̀: Àgbéyẹ̀wò Onítàn

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí ìdámọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà àti hard disk ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bí ó ṣe yí padà láti ọdún 1956. Ó fi hàn pé ìdámọ̀ náà ní ìpele mẹ́rin: ìsopọ̀, driver, iná, àti àkọsílẹ̀ tó wà lórí hard disk fúnra rẹ̀. Ìpele kọ̀ọ̀kan ní ìgbà tó wáyé, ó sì ní àléébù tirẹ̀. Àbájáde àgbéyẹ̀wò náà ni pé hard disk tí kọ̀ǹpútà kò dá mọ̀ kò fi dandan jẹ́ èyí tó ti bàjẹ́, àti pé ìkánjú ló ń pa iṣẹ́ inú rẹ̀ rẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà.

1.0 Ìfáàrà

Orí hard disk alágbèéká ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ń kó iṣẹ́ wọn pamọ́ sí: àpilẹ̀kọ àṣekágbá, máàkì ìdánwò, àti ohùn àwọn àgbà tí wọ́n gbà sílẹ̀ lásìkò ìwádìí. Bí wọ́n bá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, tí ohunkóhun kò yọjú, ìpayà ni. Àpilẹ̀kọ ṣeé tún tẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn oníjàálá tó ti dolóògbé kò ṣeé tún gbà sílẹ̀ mọ́.

Gbólóhùn kan ṣoṣo, pé kọ̀ǹpútà "kò dá a mọ̀", ni àwọn ènìyàn fi ń pe oríṣiríṣi àìsàn. Ẹni tí kò bá sì mọ irú àìsàn kò lè mọ egbòogi. Ìtàn bí ìdámọ̀ ṣe délẹ̀ ló lè ya àwọn àìsàn náà sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn.

2.0 Ìgbà tí ọwọ́ ènìyàn ń ṣe ìdámọ̀

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1956 ni ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà kéde IBM 305 RAMAC. Hard disk rẹ̀, tí wọ́n pè ní IBM 350, ní àwo 50. Ìbú àwo kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínǹṣì 24. Ó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, síbẹ̀ lẹ́tà mílíọ̀nù 5 péré ló lè gbà. Ìdámọ̀ kò jẹ́ ìṣòro nígbà náà, nítorí pé ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe ẹ̀rọ àti hard disk, òun náà ló sì so wọ́n pọ̀.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí hard disk kéré dé ibi tí ènìyàn fi lè rà á lọ́tọ̀. Ní ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ tó wá di Seagate gbé ST-506 jáde, tó ń gba mẹ́gábáìtì 5. Ní ọdún 1983, IBM fi hard disk mẹ́gábáìtì 10 sínú kọ̀ǹpútà PC XT. Hard disk ìgbà náà kò lè sọ ohunkóhun nípa ara rẹ̀. Lórí PC AT ti ọdún 1984, oníkọ̀ǹpútà ló ń mú nọ́ńbà irú hard disk rẹ̀ láti inú àtẹ kan. Bí ó bá ṣi nọ́ńbà mú, ẹ̀rọ kò ní lè lò ó bó ti yẹ.

Ìlànà SCSI, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1986, mú kí hard disk lè wà lẹ́yìn òde kọ̀ǹpútà. Macintosh Plus ti ọdún yẹn ní ojú SCSI lára. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi ń fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, láti 0 dé 7. Bí méjì bá jẹ́ nọ́ńbà kan náà, ọ̀rọ̀ á dà bí ìgbà tí olùkọ́ pe orúkọ kan nínú kíláàsì, tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì jọ dáhùn.

3.0 USB àti ọ̀rọ̀ driver

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1996 ni ìlànà USB àkọ́kọ́ jáde. Àwọn ilé-iṣẹ́ Compaq, DEC, IBM, Intel, Microsoft, NEC àti Nortel ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tuntun tó mú wá ni pé ẹ̀rọ tí wọ́n bá so mọ́ kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ hàn. Kọ̀ǹpútà á bi í léèrè, òun náà á sì dáhùn: ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, irú iṣẹ́ tó ń ṣe, àti ìwọ̀n iná tó fẹ́. Lẹ́yìn èyí ni kọ̀ǹpútà á wá driver, ìyẹn ètò tó ń kọ́ ọ bí yóò ṣe bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀.

Ìlànà yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹrin, ọdún 1998, níbi ìpàtẹ COMDEX ní Chicago, Chris Capossela so ẹ̀rọ scanner mọ́ kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows 98 níwájú Bill Gates àti ọ̀pọ̀ èrò. Kọ̀ǹpútà náà dákú lójú gbogbo wọn. Windows 98 kò sì ní driver àjùmọ̀lò fún hard disk USB. Dandan ni kí oníǹkan fi èyí tí olùṣe ẹ̀rọ fún un sínú kọ̀ǹpútà. Windows 2000 àti Windows Me, tí àwọn méjèèjì jáde ní ọdún 2000, ló mú driver àjùmọ̀lò wá. Láti ìgbà náà, àìsí driver kò tún jẹ́ olórí ohun tó ń fa àìdámọ̀ mọ́.

4.0 Ọ̀rọ̀ iná

USB 2.0 ti oṣù Kẹrin ọdún 2000 mú kí ìsopọ̀ yá gidigidi, ṣùgbọ́n iná tí ojú USB kan gbọ́dọ̀ fún ẹ̀rọ kò ju milliampere 500 lọ ní volt 5. Hard disk kékeré onínṣì 2.5 lè nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí àwo rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí. Ìdí nìyí tí wáyà olórí méjì fi wọ́pọ̀ nígbà náà: orí kejì ń wá iná kún iná. Hard disk ńlá onínṣì 3.5 ní tirẹ̀ nílò volt 12, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní wáyà iná tirẹ̀. USB 3.0, tó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, gbé ìwọ̀n náà dé milliampere 900. Hard disk tí iná kò tó lè tan iná kékeré ara rẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kí ó tún dúró. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ti bàjẹ́.

5.0 Ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀

Ìpele yìí ló léwu jù lọ. Láti ọdún 1983 ni PC DOS 2.0 ti ń kọ àtẹ ìpín, èyí tí wọ́n ń pè ní MBR, sí ìbẹ̀rẹ̀ hard disk. Pẹ̀lú ẹyọ àyè tó jẹ́ báìtì 512, MBR kò lè ka ohun tó kọjá nǹkan bí tẹ́rábáìtì 2. GPT ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n Windows XP oníbíìtì 32 kò lè ka GPT.

Lẹ́yìn àtẹ ìpín ni ìlànà ìtò fáìlì. NTFS jáde ní ọdún 1993, FAT32 ní 1996, HFS+ ti Apple ní 1998, exFAT ní 2006, APFS ti Apple ní 2017. Windows fúnra rẹ̀ kò lè ka HFS+ tàbí APFS. Bí wọ́n bá so irú hard disk bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn, ó lè ní kí wọ́n fọ́máàtì rẹ̀ kí wọ́n tó lè lò ó. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ti ẹni tó mọ àbídí nìkan, tí wọ́n gbé ìwé Yorùbá tí wọ́n fi anjẹmi kọ lé lọ́wọ́. Kò lè kà á, ṣùgbọ́n ìwé náà kò ṣófo. Ẹni tó bá gbà láti fọ́máàtì ti gbà kí wọ́n nu ìwé náà nù nítorí pé òǹkàwé kan kò mọ̀ ọ́n kà.

6.0 Ìlànà àyẹ̀wò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ojú bá fara balẹ̀, yóò rí imú. Ìtàn tó wà lókè yìí fi ìgbésẹ̀ márùn-ún lélẹ̀:

(i) Kí wọ́n wo iná ara hard disk, kí wọ́n sì tẹ́tí sí i bóyá ó ń yí. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ wáyà àti ojú USB, kí wọ́n sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tààrà.

(ii) Kí wọ́n gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí ó bá yọjú níbẹ̀, ara kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ni kí wọ́n ti wá àléébù náà.

(iii) Kí wọ́n ṣí Device Manager. Bí àmì àṣìṣe bá wà lára orúkọ rẹ̀, kí wọ́n yọ driver náà, kí wọ́n sì tún hard disk náà so.

(iv) Kí wọ́n ṣí Disk Management. Bí hard disk bá wà níbẹ̀ láìní lẹ́tà, tàbí tí lẹ́tà rẹ̀ bá kọlu ti ẹlòmíràn, kí wọ́n fún un ní lẹ́tà tuntun. Bí kọ̀ǹpútà bá ní kí wọ́n fọ́máàtì tàbí kí wọ́n ṣe Initialize, kí wọ́n kọ̀.

(v) Bí ó bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́ bí ẹni ń kan irin, kí wọ́n yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n gbé e fún ẹni tó mọṣẹ́. Bí ó bá ṣe ń yí sí i ni ó lè máa bàjẹ́ sí i.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Láti ìgbà nọ́ńbà ọwọ́ títí dé ìgbà GPT, kò sí ìpele ìdámọ̀ kan tí kò ní àléébù, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àléébù náà kò sì kan iṣẹ́ tó wà lórí àwo rárá. Ó yẹ kí olùkọ́ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà fi ìtàn yìí ṣe ìpìlẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ ohun tó ń bi ẹ̀rọ léèrè kí ó tó tẹ bọ́tìnnì. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: iṣẹ́ tí kò bá ṣeé tún ṣe gbọ́dọ̀ wà ní ibi méjì, ó kéré tán, kí hard disk kankan tó ṣàìyọjú.