Ewú, Aró àti Orí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, “Ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà, máamú làfojúdi.” Irun funfun kì í ṣe àléébù lára ọmọ ènìyàn, ẹ̀rí ọjọ́ orí ni. Bí a bá ń ṣàdúrà fún ọmọdé pàápàá, a máa ń ní kó dàgbà kó hewú lórí. Kí ló wá dé tí àwa tí a ń tọrọ ewú lọ́wọ́ Ọlọ́run tún ń ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, tí a ń po aró sínú abọ́ kékeré, tí a ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó kun ewú náà mọ́lẹ̀? Ìtàn ni mo fẹ́ fi dáhùn ìbéèrè yìí, kì í ṣe ìwàásù.

Àwọn kan á ní òyìnbó ló kó àṣà yìí dé. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ìyẹ̀fun inú páálí, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ti fífi àwọ̀ kun orí, a ti ń ṣe é kí òyìnbó tó dé. Ẹfun funfun, osùn pupa, àti wájì tí a ń rí láti ara ewé elú ni wọ́n máa ń fi sàmì sí orí fífá ẹni tí wọ́n fẹ́ dóṣù fún òrìṣà. Àṣà náà bá àwọn ẹrú kọjá òkun dé Kúbà àti Bùràsíìlì, kò sì tíì parẹ́ níbẹ̀. Orí ni à ń bọ. Àwọ̀ tí a fi kùn ún jẹ́ àpọ́nlé fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ìlú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà. Lẹ́yìn tí iná jó ààfin ní ọdún 1912, Agbọnbíọ̀fẹ́, ọmọ agbo ilé Adéṣínà, tó kú ní 1945, ni Ọba Aládéjàrẹ, Agúnsóyè Kejì, gbé iṣẹ́ òpó ààfin tuntun fún. Irun orí ère kì í ṣe ohun tí irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Kò sì tán síbẹ̀. Bí ìbejì bá kú, tí Ifá sì ní kí wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀, ìyá ni yóò máa wẹ ère náà, tí yóò máa fún un lóúnjẹ, tí yóò fi osùn pa á lára, tí yóò sì fi wájì kun irun rẹ̀. Nígbà tí búlúù ìfọṣọ ti ilé-iṣẹ́ Reckitt dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ìyá fi í rọ́pò wájì. Ní tèmi, ibí ni ìtàn irun pípa láró nínú ilé ti bẹ̀rẹ̀ láàrin wa. Ìyá ni aláró, iyàrá ni ibi iṣẹ́, orí ọmọ tó ti lọ ni wọ́n sì ń ṣe lẹ́wà kí ó má bàa di ẹni ìgbàgbé.

Ti orí alààyè yàtọ̀. Aró inú ìkòkò kò ṣe é dà sórí ènìyàn. A gún ewé elú, a ṣù ú, a sá a gbẹ, a rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi máa rùn. Omi eérú ń jẹ ara. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a rí ewú rẹ̀ láyé àtijọ́, bó bá jẹ́ ọkùnrin, a fárí. Bó bá jẹ́ obìnrin, a wé gèlè.

Aró tó ṣe é fi sórí, ilé àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ni ó ti wá. Ní 1863, Hofmann, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ṣàwárí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní PPD. Láàrin ogún ọdún, àwọn ará Faransé ti rí i pé ó lè sọ irun di dúdú. Ní 1909, Eugène Schueller dá ilé-iṣẹ́ tó di L’Oréal sílẹ̀ lórí aró irun. Nígbà tó yá, ìyẹ̀fun Bigen láti ilẹ̀ Jàpáàn dé ọjà wa, omi lásán ni a sì fi ń pò ó. Ohun tí kò ní àwọ̀ ló kọ́kọ́ ń wọ inú irun. Inú irun gan-an ló ti ń di dúdú, ìdí nìyí tí ọṣẹ kò fi lè fọ̀ ọ́ kúrò.

Ṣùgbọ́n ọjà nìkan kọ́ ló mú wa pa ewú mọ́, ìwé ni. Àwọn baba wa ní Ìjerò, Aràmọkọ àti Ẹ̀fọ̀n máa ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ ka ọjọ́ orí: ṣáájú ogun Kírìjì ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955, wọ́n ní kí ọmọ gbé ọwọ́ kọjá lórí, kó fi kan etí òdìkejì, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó tó wọ ilé-ìwé. Orí fúnra rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ìjọba dé, ọjọ́ orí wọ inú fáìlì, òfin sì ní kí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìn tì ní ọgọ́ta ọdún, tàbí bó bá ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́. Èkìtì sì rèé, ilẹ̀ àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé. Nínú ìpàdé ẹbí, ewú ni a kọ́kọ́ ń bi léèrè ọ̀rọ̀. Ní ọ́fíìsì, ewú ni wọ́n ń bi pé ìgbà wo ni yóò lọ. Ẹlẹ́rìí tó ń gbè wá nílé wá di ẹlẹ́rìí tó ń takò wá níbi iṣẹ́.

Aró yìí ní ewu tirẹ̀. PPD a máa mú kí ojú àti orí àwọn mìíràn wú. Ní Sudan àti Mòrókò, ó ti pa àwọn tó gbé e mì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sára páálí pé ká kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí ẹ̀yìn etí tàbí inú ìgbọ̀nwọ́, ká sì dúró fún ọjọ́ méjì. Kí aró má sì dé ìpéǹpéjú.

N kò bá ẹni tó ń pa irun rẹ̀ láró jà. Ìyá ìbejì fi wájì pọ́n orí lé. Kò fi purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń kun irun rẹ̀ nítorí ẹwà, ọmọ ìyá náà ni. Ti ẹni tó ń kùn ún nítorí ìbẹ̀rù ló ń dùn mí, nítorí kì í ṣe orí rẹ̀ ló ní àbùkù, bí kò ṣe ibi iṣẹ́ tí kò mọ iyì àgbà. Irun sì ń ga tó sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù. Kí oṣù tó tán, àdúrà tí àwọn òbí wa gbà á ti tún yọrí láti ìdí rẹ̀.